Owó Inú Fóònù Kò Ra Òwú: Ìrìn Àjò Mi sí Ìsẹ́yìn

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwa olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa fẹ́ ra ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ó yọ fóònù jáde, ó ní kí ìyá ẹlẹ́pà pe nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nítorí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni n óò ṣe lọ tò sí báńkì?" Inú bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó wọlé, ó ní ayé ti kọjá owó bébà, ó ní ẹni tí ó bá ṣì ń ká owó sápò lóde òní, ará àtijọ́ ni. Àwọn kan gbè é lẹ́yìn, àwọn kan sì takò ó, ariwo sọ títí agogo fi lù.

Èmi kò dá sí i. Kì í ṣe pé n kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, àgbàlagbà ni mo sì sọ ọ́ fún. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ mọ́. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí.

Àpótí abẹ́ ibùsùn

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń gbé ní Ìsẹ́yìn. Ìyá ni mo ń pè é, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí títí mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Aṣọ òfì ni òwò rẹ̀. Òun ni ó ń ra òwú tí ó ń gbé e fún àwọn ahunṣọ, òun ni ó ń san owó iṣẹ́ wọn, òun náà ni ó sì ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Ìbàdàn àti Èkó. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìṣirò, ó ju èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lọ. Kò ní àkáǹtì ní báńkì kankan. Àpótí onígi kan tí ó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni báńkì rẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 26 oṣù Òkítóbà, ọdún 2022, ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó bébà 200, 500 àti 1,000 náírà. Owó tuntun náà jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Dìsẹ́ńbà. Wọ́n ní bí ó bá ti di ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì, ọdún 2023, ti àtijọ́ kò ní ṣe é ná mọ́. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé owó púpọ̀ jù ni àwọn ènìyàn kó pamọ́ sí ilé, àti pé wọ́n fẹ́ kí ìnáwó láti orí báńkì pọ̀ sí i, kí ti bébà sì dín kù. Ètò ìdínkù owó bébà yìí kì í ṣe tuntun. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2012.

Nígbà tí mo gbọ́ ìkéde náà, àpótí Ìyá ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ní Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù Jánúárì, mo lọ bá a. Mo wàásù fún un bí ẹni pé ọmọ kíláàsì mi ni. Mo ní, "Ìyá, àìmọ̀ ni kí ènìyàn máa tọ́jú owó sábẹ́ ibùsùn. Olè lè gbé e, iná lè jó o, ìjọba sì ti fẹ́ pa á báyìí. Ẹ jẹ́ kí n kó o sí àkáǹtì mi. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ìṣẹ́jú kan ni."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìṣẹ́jú kan, Tíṣà?"

Mo ní, "Ìṣẹ́jú kan, Ìyá."

Ó fa àpótí jáde. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ 186,000 náírà. Ó dì í sínú gèlè àtijọ́ kan, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo tò sí báńkì mi láti aago méje òwúrọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi. Mo padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Mo rò pé mo ti gba ìyá mi lọ́wọ́ òfò.

Owó ń ra owó

Wọ́n gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n tuntun kò tó. Gbòǹgbò gbogbo wàhálà náà nìyẹn. Ní oṣù Òkítóbà 2022, owó bébà tí ó wà níta ní gbogbo Nàìjíríà ju tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ. Ní ìparí oṣù Fẹ́búárì 2023, kò pé tírílíọ̀nù kan mọ́. Ó dà bí ìdílé tí ń fi korobá omi mẹ́ta gbọ́ bùkátà ọjọ́ kan, tí ẹnìkan wá da méjì nù, tí ó sì ní kí gbogbo ilé máa fi èyí tí ó kù wẹ̀, kí wọ́n fi sebẹ̀, kí wọ́n sì fi fọṣọ. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú di ọjọ́ 10 oṣù Fẹ́búárì, ṣùgbọ́n sísún ọjọ́ kò sọ owó di púpọ̀.

Ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn ń sun ẹnu ọ̀nà báńkì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Fẹ́búárì, inú àwọn ọ̀dọ́ ru, wọ́n tú jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní àdúgbò wa, àwọn oní-POS sọ owó di ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ 10,000 náírà, ẹnìkan a ní kí ó san 2,000 lé e, ẹlòmíràn a ní 3,000. Owó ń ra owó, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún wa.

Àárín rẹ̀ ni Ìyá pè mí. Ìdílé kan ní Èkó ti gbé iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó wá fún un, wọ́n sì fẹ́ gba aṣọ náà ní oṣù Máàṣì kí ààwẹ̀ Ràmádáànì tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ ra òwú, ó sì fẹ́ fún àwọn ahunṣọ ní owó oúnjẹ. Ó ní, "Tíṣà, ìṣẹ́jú kan yẹn ti tó."

Mo ní kò burú. Mo fi tíráńsífà 40,000 náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọkùnrin tí ń ta òwú. Fóònù tèmi dún, wọ́n ti yọ owó náà. Fóònù olówùú kò dún. Mo pè é, ó ní òun kò rí nǹkankan. Mo fi àwòrán ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó ní, "Tíṣà, n kò bá yín jà, ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe owó." N kò lè dá a lẹ́bi. Gbogbo Nàìjíríà ni ó ń fi fóònù sanwó lẹ́ẹ̀kan náà ní àkókò yẹn, ọ̀nà sì há. Owó Ìyá kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ olówùú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó bébà kiri. Báńkì mi fún mi ní 5,000 náírà lẹ́yìn ọjọ́ méjì lórí ìlà. Mo ra 10,000 lọ́wọ́ oní-POS kan pẹ̀lú 2,500. Nínú 186,000 tí mo gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, 15,000 ni mo rí kójọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Fẹ́búárì, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, tí ó ti di olóògbé nísinsìnyí, bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Ó ní a lè ná 200 àtijọ́ títí di ọjọ́ 10 oṣù Épírì, ṣùgbọ́n 500 àti 1,000 àtijọ́ ti kú. Ní Sátidé, ọjọ́ 18, mo gbéra lọ sí Ìsẹ́yìn láti lọ fi ojú kan ojú.

Ọ̀nà Ìsẹ́yìn

Mọ̀níyà ni mo ti wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ Mọ̀níyà ní ogún ọdún sẹ́yìn kò ní dá a mọ̀ dáadáa mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó ń ti Èkó bọ̀ ń dúró sí láti ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn ibùdókọ̀ dá. Awakọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Kéèṣì nìkan o! Ẹni tí kò bá ní kéèṣì kó má wọlé!" Ẹnìkan fẹ́ bá a jà. Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, kéèṣì ni mo fi ra pẹtiróòlù. Ẹ lọ bá alépo jà ná."

Nígbà tí ó ń gba owó lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ọmọbìnrin kan tí ó pọn ọmọ. Ó ní òun ní 14,000 náírà nínú fóònù, ṣùgbọ́n kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Awakọ̀ ní kó sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: owó 15,000 wà lápò mi, mo sì dákẹ́. Mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé 2,000 lọ, 2,000 bọ̀, 11,000 ni yóò kù fún Ìyá, bí n bá sì yọ 2,000 mìíràn, ojú wo ni n óò fi wò ó? Ìyá kan tí ń ta obì ni ó tú ìdí ìró rẹ̀, tí ó ka 200 àtijọ́ mẹ́wàá fún awakọ̀. Ọmọbìnrin náà ń gbìyànjú láti fi tíráńsífà san án padà sí àkáǹtì ọmọ ìyá olóbì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀. Ìyá olóbì ní, "Fi í sílẹ̀, ìyàwó. Bí ó bá yá kó wọlé. Bí kò bá sì wọlé, Ọlọ́run rí wa." Mo tẹ orí ba, mo ń wo ilẹ̀ ọkọ̀.

Láti Mọ̀níyà sí Ìsẹ́yìn jẹ́ bí kìlómítà 65. Ọ̀nà náà ti dára báyìí. Ẹni tí ó rìn ín nígbà tí ó kún fún kòtò yóò mọ̀ pé ìsinmi ni. Oko ẹ̀gẹ́ àti igbó káṣíù wà lọ́tùn-ún lósì. A kọjá ní Ìjàyè, ìlú Kúrunmí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ogun Ìbàdàn fọ́ ní ọdún 1862. Ibẹ̀ ni mo ti ń rò ó pé owó ẹyọ ni Kúrunmí ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni egbàá, egbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ni 20,000 ẹyọ, ẹrù alágbára ọkùnrin kan gbáko. Láti òkun àwọn erékùṣù Maldives ni ẹyọ náà ti wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti Zanzibar wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu, títí iyì ẹyọ fi lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹyọ kú nítorí pé ó pọ̀ jù. Bébà tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá nítorí pé kò tó. Owó yòówù kí ó jẹ́, ìwọ̀n ni ayé rẹ̀.

A gun afárá odò Ògùn kọjá, kò sì pẹ́ tí a fi wọ Ìsẹ́yìn.

Òfì tí ó dákẹ́

Ẹni tí ó bá ti wọ àdúgbò àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn rí mọ̀ pé etí ni ó fi ń mọ̀ pé òun ti dé. Ìró òfì ni ó kọ́kọ́ ń pàdé ènìyàn, kó tó rí aṣọ rárá. Àwọn ọkùnrin a jókòó lábẹ́ àtíbàbà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọ̀kọ̀ a máa sáré láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ nísàlẹ̀, òwú gígùn a sì nà jáde níwájú wọn bí ọ̀nà tóóró, pẹ̀lú òkúta ńlá kan tí ó dì í mú lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́jọ́ náà òkúta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfì dákẹ́. Nínú òfì méje tí ń hun aṣọ fún Ìyá, méjì péré ni ènìyàn wà nídìí rẹ̀, òwú àjẹkù ni wọ́n sì ń hun.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fóònù, kí ló dé tí ẹ kò gba owó iṣẹ́ yín lórí fóònù? Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní àkáǹtì òun ní owó, ebi ni ó ń pa òun. Ìyá alámàlà kò gba tíráńsífà, nítorí pé ẹni tí ń ta èlùbọ́ fún un kò gbà á. Ẹni tí ń ta èlùbọ́ kò gbà á nítorí pé àwọn ará oko ni ó ń lọ ra iṣu gbígbẹ lọ́wọ́ wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dé oko wọn. Bí ẹ bá tẹ̀lé okùn náà dé ìdí, oko ni yóò gbé yín dé. Ará oko tí kò gba owó fóònù ni ó dá òfì dúró ní ìgboro. Àwọn tí wọ́n ṣòfin rẹ̀ mọ báńkì, wọ́n mọ Èkó. Bóyá wọn kò tẹ̀lé okùn náà dé ìdí.

Mo wọlé bá Ìyá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kó 11,000 náírà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó dárí jì mí.

Kò bínú. Ó bá wù mí kí ó bínú. Ó ní kí n jókòó, kí n jẹun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa owó tí ó ti ná láyé rẹ̀. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó ná tọ́rọ́, ó ná sísì, ó ná ṣílè. Ní ọdún 1973, náírà dé, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Ní ọdún 1984, nígbà tí Buhari kan náà jẹ́ olórí ológun, wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó, wọ́n ti ẹnubodè, gbogbo ènìyàn sì sáré lọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí ti ìsinsìnyí. Ó ní, "Tíṣà ọmọ mi, èmi kò kọ báńkì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé owó tí mo ní, tí n kò lè ná títí ẹnìkan yóò fi gbà fún mi, owó ta ni?"

N kò rí èsì fún un. Títí di òní, n kò tíì rí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ránṣẹ́ pe àwọn ahunṣọ méjèèje. Ó fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní 1,500 náírà kí wọ́n lè jẹun kí wọ́n sì bọ́ àwọn ọmọ wọn. 500 kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyẹn ni òun yóò fi sọ ọmọ lórúkọ lọ́la.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí ó sọ ọmọ lórúkọ

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, a lọ sí ìsọmọlórúkọ ní agbo ilé kejì. Gbogbo wa mọ àṣà náà: ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ yóò fi owó sínú àwo, yóò sì pe orúkọ tí ó fún un. Nígbà tí Álúfà ṣe àdúrà tán, tí wọ́n gbé àwo kalẹ̀, gbogbo ilé ń wo ara wọn lójú. Ìyá dìde, ó fi 500 tuntun náà sínú àwo, ó pe orúkọ. Ó tún kù bí àwo náà ti wà.

Ìgbà náà ni bàbá àgbà kan ní ọgbọ́n wà fún un. Ó ní kí ọmọ òun fi tíráńsífà 500 ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ. Bí fóònù ti dún, bàbá àgbà na ọwọ́, ó mú 500 inú àwo, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì tún un fi sínú àwo, ó pe orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀rín gba ilé. Ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kọ̀, ó ní kí wọ́n kọ òun sí gbèsè, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ka a: bébà 500 kan ṣoṣo yẹn sọ ọmọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, bàbá ọmọ mú un fún ìyá tí ó din àkàrà, nítorí pé òun ni kò lè gba ohun mìíràn.

Mo ronú lórí rẹ̀ nígbà tí mo ń padà bọ̀. Fóònù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́. Láìsí i, ẹni kan ni ìbá sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé gbèsè ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí bébà kan yẹn, kò sí ohun tí a ó gbé sókè, aláàkàrà ì bá sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti parí

Ní ọjọ́ 3 oṣù Máàṣì, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì ṣe é ná títí di ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 2023. Ọjọ́ 13 oṣù náà ni Báńkì Àpapọ̀ tó kéde pé kí àwọn báńkì tẹ̀lé ìdájọ́ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ tún ní kí a máa ná tuntun àti àtijọ́ pọ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé owó tí wọ́n ní ó kú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tìtorí rẹ̀ sunkún, kò kú rárá.

40,000 tí mo fi ránṣẹ́ sí olówùú padà sí àkáǹtì mi lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Kí n tó rí gbogbo owó Ìyá gbà jáde, oṣù Épírì ti dé. Mo kó o fún un, ó pé 186,000, mo sì fi èrè tí oní-POS gbà sí ọrùn ara mi. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó ni aṣọ ìgbéyàwó kò lè dúró. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ibòmíràn. Méjì nínú àwọn ahunṣọ náà sì ti lọ gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn. Owó Ìyá pé, òwò Ìyá ni kò pé mọ́. Owó kan wà tí kì í ṣe iye rẹ̀ ni a ń wò, bí kò ṣe ọjọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni.

Ìsẹ́yìn lónìí

Ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ọdún 2025, mo tún lọ kí Ìyá. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìsẹ́yìn kọ ayé tuntun. Àwọn ahunṣọ kọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn sára pátákó tí wọ́n fi kọ́ òpó àtíbàbà. Oníbàárà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a wo aṣọ lórí fóònù, a sanwó, wọ́n a sì fi aṣọ ránṣẹ́. Aláṣọ tí ń ti Èkó bọ̀ kò ní láti di owó mọ́ ìdí mọ́ nítorí ìbẹ̀rù adigunjalè, oore ńlá sì ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn gbájú-ẹ̀ náà ti kọ́ iṣẹ́: wọ́n a fi áláàtì èké han aláṣọ, wọ́n a gbé aṣọ lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè lọ nígbà tí kò sí ẹni tí ó rò ó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì, ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì dà rú níbí lọ́hùn-ún. Ẹja inú òkun ni yóò sọ fún wa bí a bá lè ra ẹ̀wà.

Ẹ sì wo ohun kan. Láti ìgbà ọ̀wọ́n owó yẹn, tíráńsífà ti pọ̀ jọjọ. Síbẹ̀ bébà kò dín kù. Ní ìparí ọdún 2024, owó bébà tí ó wà níta ti ju tírílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Lóòótọ́, ọ̀wọ́n gógó ọjà wà nínú ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé àwọn ènìyàn ń lo méjèèjì.

Ìyá fúnra rẹ̀ ti ní àkáǹtì báyìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó bá a ṣí i, orúkọ Ìyá ni ó sì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tèmi. Ó pín owó òwò rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan wà ní báńkì, fún àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn. Apá kan wà lọ́wọ́ alájọ. Apá kẹta, tí ó tó láti fi bọ́ ahunṣọ fún ọ̀sẹ̀ kan, wà nínú àpótí. Mo ní, "Ìyá, àpótí yìí ṣì wà?" Ó ní, "Ó wà, Tíṣà. Òun ni kì í wí pé kí n padà wá lọ́la."

Ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹ má kọ owó fóònù. Ó yá, ó ń fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń gbani lọ́wọ́ olè ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí owó wọ àkáǹtì yín kí ẹ tó jẹ́ kí ọjà jáde, ẹ má wo áláàtì tí a fi hàn yín lórí fóònù ẹlòmíràn. Ẹ máa fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní bébà, ní kéékèèké, nínú ilé. Ẹ má fi ìyà jẹ ẹni tí ń ta ẹ̀pà, alágbàrù tàbí ará oko nítorí pé wọ́n fẹ́ owó ojú-kò-rójú; àwọn ni wọ́n wà ní ìdí okùn, bí tiwọn bá já, tiwa yóò já. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má gba owó àgbàlagbà pẹ̀lú ìlérí ìṣẹ́jú kan, bí kì í bá ṣe ọwọ́ yín ni ìṣẹ́jú náà wà.

Ní ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ tí a ṣe àríyànjiyàn yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa yọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹgbẹ̀rún kan kí n fi jẹun." Mo yọ ọ́ fún un. N kò sọ nǹkankan. Mo rántí inú ọkọ̀ Mọ̀níyà, níbi tí owó wà lápò èmi náà tí mo sì dákẹ́.